Èjí Tí Eléjìí Fowó Rà

Ẹ má dá mi lóhùn tí ẹ bá rí i pé mò ń pariwo. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó láàárín ogójì máṣíìnì ìránṣọ tó ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá pariwo níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ, ohùn mi kò sì mọ bí wọ́n ti ń rọra sọ̀rọ̀ mọ́. Àbúrò mi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, a kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà o. Iṣẹ́ ló so wá pọ̀. Máṣíìnì tirẹ̀ wà lápá òsì mi, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn ọmọ ilé ìwé la sì ń rán. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ti ń ki òwú bọ máṣíìnì náà, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n títí dòní.

Eléjìí la máa ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an níbi iṣẹ́, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sanwó. Èjí náà wà láàárín eyín òkè méjì, kò fẹ̀ jù, kò há jù. Tó bá rẹ́rìn-ín, ọ̀gá tó ń fi ìbínú bọ̀ á gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ọkọ rẹ̀ tí Ọlọ́run ti pè, bọ́tìnnì ló wá kó fún ilé iṣẹ́ wa lọ́jọ́ kan. Obìnrin yìí kí i, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ wò ó, àpótí bọ́tìnnì tó yẹ kí ọkùnrin náà gbé wọlé, ó gbé e padà sínú ọkọ̀, ó wa ọkọ̀ lọ! Ọjọ́ kejì ló tún gbé e wá. Ó wá ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi gbé èèyàn wa lọ.

Èjí yẹn kì í ṣe ẹwà lásán o, irinṣẹ́ ni. Tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá wà lára aṣọ, ibẹ̀ ló máa ń fi òwú há sí. Òwú tó nípọn tí a fi ń kọ́ bọ́tìnnì, ẹyọ mẹ́ta géérégé ló ń gbà. Tó bá wá rán an tán, á fi eyín já òwú. Gbogbo wa là ń fi eyín já òwú. Sísọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì, wọ́n fi okùn so ó mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, ṣùgbọ́n kó o tó na ọwọ́ mú un, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ti rán apá aṣọ kan tán. Iye aṣọ tó o bá sì rán lóòjọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò ohun tó o máa gbà.

Ibi tó ń dùn mí ni mo ń bọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ fún wa ní káàdì. Káàdì náà ń sanwó eyín, ó ń sanwó ojú. Ṣé a lò ó? Ká lò ó kẹ̀! Ta ló fẹ́ fi máṣíìnì sílẹ̀ lọ jókòó sọ́dọ̀ dókítà láti àárọ̀ dọ̀sán? Akokoro á mú Eléjìí, á fi kànáfùrù sí i, á máa ránṣọ lọ. Ojú á máa ta èmi, màá fi omi tútù bọ́ ọ, màá tún ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń bá ara wa sọ: "Tá a bá fẹ̀yìn tì, a ó ráyè." Àní a ti ń yan ọjọ́. A ní ọjọ́ Ajé á jẹ́ ti eyín, ọjọ́rú á jẹ́ ti ojú. A rò pé káàdì náà máa bá wa fẹ̀yìn tì ni. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, a ò sì bi ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tá a fẹ̀yìn tì, ọmọdébìnrin kan ní ọ́fíìsì gba kọ́kọ́rọ́ wa, ó gba aṣọ iṣẹ́ wa, ó sì na ọwọ́ fún káàdì. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé e sí méjì. Àwòrán Eléjìí wà lórí tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo ní, "Kí lo ń ṣe yẹn?"

Ó ní, "Màámà, òṣìṣẹ́ ló ni káàdì. Ẹ̀yin ti fẹ̀yìn tì."

Mo ṣe bí ẹni tó máa fi bàtà lù ú. Eléjìí ló dì mí mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ta ni? Ìgbà ara là á búra, ìgbà tí tiwa ń kọjá lọ, bọ́tìnnì là ń kọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Eléjìí pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, èmi náà sì jókòó tì í. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni. Ó ti lọ kàwé ní ilẹ̀ tó jìnnà, ó sì ti rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Ọmọ náà jogún èjí ìyá rẹ̀, bí ẹni fi téèpù wọ̀n ọ́n. Eléjìí ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n fún ìwọ náà ní káàdì níbi iṣẹ́ rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ṣé ó kan eyín àti ojú?"

"Ó kan gbogbo ẹ̀."

"Lò ó! Má ṣe bíi tiwa. Lò ó kó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ!"

Ẹ̀mí mi ò gbà kí n dákẹ́, mo já fóònù gbà. Mo ní, "Gbogbo ohun tó bá wà nínú káàdì yẹn ni kó o jẹ tán, má ṣẹ́ ẹyọ kan kù!" Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Màá lò ó."

Èyí tó tẹ̀ lé e, àárín ọdún méjì ló ṣẹlẹ̀. Eyín tí Eléjìí fi ń já òwú fún gbogbo ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n yọ ọ̀kan, wọ́n yọ èkejì, wọ́n yọ mẹ́rin, gbogbo iwájú lókè. Yíyọ kò wọ́n o, dídá a padà ni ìjàngbọ̀n. Bí ti eyín ṣe ń lọ ni ojú náà ń ṣókùnkùn. Dókítà ní nǹkan funfun ló bo ẹyinjú rẹ̀, pé iṣẹ́ abẹ ni, kò gba oògùn. Tó o bá dúró níwájú rẹ̀, ó rí i pé èèyàn ni, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá èmi ni tàbí agbowó iná. Ohùn mi ló fi ń dá mi mọ̀. Ẹ rí i pé ariwo náà wúlò.

Obìnrin tó ń fi ẹ̀rín pa ọ̀gá lẹ́nu mọ́, ó wá di ẹni tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ á ti dé ẹnu kí ẹ̀rín tó jáde. Tí ọmọ rẹ̀ bá pè é lórí fóònù aláwòrán, á fi ìborùn bo ẹnu, á ní òtútù ń mú òun. Òtútù! Nínú ooru tó ń yọ́ bọ́tà!

Àárò ọmọ yẹn ń sọ ọ́ ju bó ti lè sọ lọ. Àga rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, máṣíìnì àtijọ́ rẹ̀ wà ní igun yàrá, ó fi aṣọ bò ó. Àwòrán ọmọ náà wà lára ògiri. Ó máa ń dìde lọ bá a, á gbé ojú sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi ń kan gíláàsì, á dúró síbẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń rí. Ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Mo kàn mọ ibi tó wà ni."

Ọjọ́ tó pè mí pé ọmọ ń bọ̀, pé ó ku oṣù méjì, mo jó. Orúnkún mi kò fẹ́, mo fipá jó o. Ọdún mọ́kànlá! Ìgbà tí mo jó tán, ó ní, "Owó ìfẹ̀yìntì tó kù lọ́wọ́ mi, nǹkan kan ṣoṣo ló tó ṣe. Mo fẹ́ fi ṣe eyín."

Mo jókòó. "Eyín kẹ̀?"

"Eyín ni."

"Ṣé orí rẹ pé ṣá? Ojú ni kó o ṣe! Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí! Àná lo bu iyọ̀ sínú tíì, o mu ún tán, o ní ṣúgà ti bàjẹ́. Ọmọ tó o bí ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, o ò sì fẹ́ rí i?"

Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ti mọ̀ mí, ó mọ̀ pé ó níbi tó ń parí sí. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ tó ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú ọkọ̀ nígbà tó padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, 'Màámi, ẹ rẹ́rìn-ín fún mi, kí n rí ohun tí màá gbé lọ.' Ẹkún ń gbọ̀n mí, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gbé lọ. Bí wọ́n bá fi aṣọ di ojú mi méjèèjì, mo máa mọ ọmọ mi. Òun ni kò ní mọ̀ mí. Mi ò fẹ́ kó wọlé, kó bá arúgbó kan tí ẹnu rẹ̀ ti wọlé."

 Èmi ì bá yá a lówó ojú, ṣùgbọ́n ìtọ́jú orúnkún ti jẹ owó tèmi tán. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo mú un lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ṣe eyín.

Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà kéré, òórùn oògùn wà níbẹ̀, àwòṣe eyín àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ funfun tí wọ́n fi símẹ́ǹtì ṣe ló tò sórí pákó bí ìgbà tí gbogbo wọn ń yanu gba ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, ó fi eyín náà sí Eléjìí lẹ́nu. Ó bá a mu, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó funfun, ó tò. Èmi ti fẹ́ kí i kú oríire. Àfi bí Eléjìí ṣe ki ọwọ́ bọ àpò, tó fa òwú bọ́tìnnì yọ. Obìnrin náà kò lè rìn láìmú òwú dání, kódà nísinsìnyí. Ó ká a ní mẹ́ta, ó fẹ́ tì í bọ àárín eyín. Òwú kò wọlé.

Ó ní, "Èjí mi dà?"

Ọkùnrin náà wò mí, ó wò ó. "Màámà, mo ti dí i. Mo rò pé ẹ máa yọ̀. Àwọn tó ní èjí ló ń wá dí i lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń wá rà á."

"Mi ò wá ra eyín," ni Eléjìí wí. "Èjí ni mo wá rà. Eyín kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà ní òun kò mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ibẹ̀ ni mo ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Mo ní, "Èmi mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wò ó. Òwú mẹ́ta ni, kò gbọdọ̀ há, kò gbọdọ̀ bọ́." Mo já òwú náà fún un, mo sì fi eyín já a níwájú rẹ̀, kó lè mọ irú èèyàn tó ń bá ṣiṣẹ́. Ó fi òwú náà ṣe ìwọ̀n, ó lọ tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì, òwú kọjá géérégé. Eléjìí rẹ́rìn-ín sí mi, kò sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọge tó jókòó lápá òsì mi nígbà kan ló padà dé yẹn. Mo yí ojú sápá kan, mo ní eruku wọ̀ mí lójú.

Ọmọ dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ó ti sanra díẹ̀, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò tíì gbé báàgì kalẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi dìde lẹ́bàá fèrèsé, tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà pariwo. Ó sáré dì mọ́ ọn, ó fi ìka kan ẹnu rẹ̀. "Màámi, ó ṣì wà! Ó ṣì wà níbẹ̀!" Ẹkún ń bọ́ lójú rẹ̀. Eléjìí kò sọ pé rárá. Ó ní, "Ibo ló fẹ́ lọ?" 

Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Tìrẹ ńkọ́? Rẹ́rìn-ín, kí n rí i."

Ọmọ náà sún mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ibi tí mo dúró sí, mo rí i kedere. Kò sí èjí. Eyín tò lẹ́nu rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun bíi síìpù tí wọ́n fà dé òkè. Ó wò mí, mo wò ó.

Eléjìí gbé ojú sókè sí i, ó ń wo ibi tí ohùn ti wá. Ó ní, "Hẹn-ẹn. Mo ti rí i. Èjí ọmọ mi nìyẹn."

 Mo gbé báàgì lọ sínú yàrá.

Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi mọ̀ nípa ojú. Ìyá rẹ̀ fẹ́ bu omi fún un, ẹ̀gbẹ́ ife ló ń da omi sí. Ó tẹ̀ lé mi dé ilé ìdáná, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà mọ̀? Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún mi?"

Mo ní, "Mo mọ̀. Ìwọ náà, kí lo ṣe fún ẹnu rẹ?"

Ó jókòó sórí àpótí. "Káàdì ni, Àǹtí. Ẹ ní kí n lò ó tán, kí n má ṣẹ́ nǹkan kan kù. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò, kò sí àrùn kankan lára mi. Ojú mi dáa, ara mi dáa. Dókítà eyín ní ohun kan ṣoṣo tí òun lè bá mi ṣe ni kí òun dí àlàfo yẹn. Káàdì máa san án. Mo ní kó dí i. Mo rò pé inú Màámi á dùn tí wọ́n bá gbọ́ pé mo lò ó." Ó nu ojú. "Lọ́jọ́ tí mo wo dígí ni mo mọ̀ pé ojú Màámi ni mo ti ń rí níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Mi ò lè sọ fún wọn. Ọdún méjì rèé."

Ẹnu tèmi ló wá ń dùn mí. Ẹnu tí mo fi ní kó jẹ káàdì tán lórí fóònù.

Ó ní òun máa sanwó iṣẹ́ abẹ ojú, pé òun kó owó wá, ọ̀sẹ̀ méjì tí òun máa lò sì tó. Mo wò ó. Mo ní, "Ṣé o mọ ohun tí ìyá rẹ máa kọ́kọ́ wò tí wọ́n bá ṣí ojú rẹ̀?"

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ká fi sílẹ̀ títí wàá fi padà lọ ńkọ́?"

"Rárá, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí mi."

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ kejì la padà lọ, kí wọ́n lè ṣí i. Yàrá náà mọ́lẹ̀, aṣọ fèrèsé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Nọ́ọ̀sì rọra ṣí bàńdéèjì, ó fi òwú tútù nu ẹyinjú. Eléjìí ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Aṣọ ọrùn nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ wò. Ó ní, "Ta ló rán kọ́là yìí? Kò gún." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ọmọ rẹ̀.

Ó wá yíjú sí ọmọ náà. Ó wò ó, ó wò ó.  Ó na ọwọ́, ó fi kan irun rẹ̀, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní, "O ti sanra. O dàbí bàbá rẹ níbi iwájú orí. Rẹ́rìn-ín fún mi."

Ọmọ náà gbé ọwọ́, ó fi bo ẹnu. Bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe fún ọdún mẹ́ta gan-an ló ṣe é. Lẹ́yìn náà ló sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ kò mú ojú kúrò.  Ó ní, "Káàdì?"

"Káàdì ni, Màámi. Ẹ ní kí n lò ó."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó mi orí. "Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó tò dáadáa. Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́."

Ó ní kí nọ́ọ̀sì fún òun ní dígí. Ó ya ẹnu, ó wo èjí tó wà nínú ẹnu tirẹ̀, èyí tá a fi òwú wọ̀n. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí i nìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé èyí tí mo rà yìí nìkan ló kù nínú ilé wa." Ó gbé dígí náà lé itan, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń retí ẹ̀rín kan, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé èmi ni mo ní kí wọ́n dí i."

Nọ́ọ̀sì ní ká má jẹ́ kó sunkún o, pé omijé kò dáa fún ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Kò sì sunkún. Èmi àti ọmọ rẹ̀ la bá a sun ún.